Ẹ̀kán Wàrà Tí Ó Kù Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ìtàn tí mo sọ fún ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ nígbà tí mo ti Ìlú Òyìnbó dé kò pé. Mo sọ ti òtútù fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ òkè kọjá, àwọn kan nínú yín ní irọ́ ni. Mo sọ pé ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da wàrà sí ife fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́hùn-ún, èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó dùn ni mo sọ. Apá kejì wà nínú mi, kò sì jẹ́ kí oorun mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé yìí sọ ọ́ tán báyìí.

*

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Làmídì ni orúkọ mi, ọmọ alágbẹ̀dẹ páànù tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà. Àrọ, fìtílà àti agolo ìwọ̀n epo ni bàbá mi ń ṣe. Àwọn obìnrin elépo láti Ìdásẹn àti Ìyèrè ni oníbàárà rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń gbé wá bá a. Bí wọ́n bá ti ẹnu àgbá epo pa tán, epo kì í dẹ́kun ríro. Yóò máa kán tó, tó, tó sílẹ̀, títí ilẹ̀ ìsọ̀ wọn yóò fi pupa.

Mo fi idẹ àti awọ bàtà rọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń pa dé dáadáa. Òyìnbó kan tí ó máa ń wá yẹ epo wò rí i lára àgbá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí n ta á fún òun. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé ilé iṣẹ́ kan wà nílùú wọn tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju ẹnu ẹ̀rọ tí ohun jíjẹ àti ohun mímu ń gbà jáde. Wọ́n fẹ́ gbà mí fún ọdún mẹ́ta kí n wá kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ogun ńlá ti parí tó ọdún méje nígbà náà, wọ́n sì ń wá ènìyàn síṣẹ́.

Bàbá mi ní kí n ka ìwé náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n dá ọ padà. Ẹni tí wọ́n bá dá padà láti ibi iṣẹ́, orúkọ tí wọn yóò máa pè é títí ayé nìyẹn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dání kọjá òkun.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a lò lórí omi. Mo fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bì. Ará Saró kan tí ó ti lọ tí ó ti bọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tọ́jú mi. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun láìjẹ́ kí ó máa dún, ó sì kọ́ mi ní ìwà àwọn tí mo ń lọ bá.

Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni, sọ pé dáadáa ni. Má ṣe ròyìn. Òyìnbó kì í béèrè kí o lè dá a lóhùn."

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo fi máa gbé ọdún kan níbẹ̀, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí obìnrin kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin yìí bá bi ọ́ léèrè nǹkan, ó fẹ́ mọ̀ ni.

*

Òwúrọ̀ ni a gúnlẹ̀ sí Lìfápúù. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, oòrùn sì wà lókè bí owó ẹyọ, kò mú ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òyìnbó tí ń gbá ilẹ̀, àti òmíràn tí ó ru àpò lórí ẹ̀yìn tí aṣọ rẹ̀ ya. Nílé, n kò rí òyìnbó tí ń ru nǹkan rí àfi ìbọn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé ìlú tí iṣẹ́ wà, ìlú tí ilé rẹ̀ dúdú nítorí èédú. Mo wá yàrá kiri. Ilé mẹ́ta ni mo kàn, wọ́n ní yàrá ti kún, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n fi sọ pé yàrá ṣófo ṣì wà lójú fèrèsé wọn. Ní ilé kẹrin, obìnrin kan tí ó tó ọjọ́ orí ìyá mi ṣílẹ̀kùn. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló wò.

Ó ní, "Bàtà yìí kò lè gba òtútù ibí. Wọlé."

Mísíìsì Ẹ́dínà ni orúkọ rẹ̀. Ogun ti pa ọkọ rẹ̀, kò sì bímọ. Kò lè pe Làmídì, ó ń pè mí ní Lámì, gbogbo ìlú náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi kúrò. Èmi ń pè é ní Màmá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀, ó ní kò burú.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sè fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kìíní. Mo ṣàlàyé fún un pé a kì í jẹ ẹ́ ní ẹ̀sìn wa. Kò bínú. Ó jókòó, ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo lè jẹ fún òun, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹja àti ẹyin ni, àti ọ̀dùnkún òyìnbó bíbọ̀ tí kò ní adùn kankan. Nígbà tí ó gbọ́ pé ata ni ọkàn mi ń fà sí, ó wá a kiri ìlú. Ó gbé ata kan dé tí ó funfun bí èlùbọ́ gbágùúdá, ó sì dúró tì mí kí n tọ́ ọ wò. Mo sín bí ìgbà méje. Kò ta rárá. Mo ní ó ta.

Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú mi rí. Àwọn ọmọdé a máa fọwọ́ kàn mí, wọn a sì wo ìka wọn. Obìnrin ilé kejì dá Mísíìsì Ẹ́dínà dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá àwọ̀ mi kì í ràn mọ́ aṣọ ibùsùn.

Mísíìsì Ẹ́dínà ní, "Aṣọ ibùsùn rẹ̀ mọ́ ju ti ọkọ rẹ lọ. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, mo sì ń rí ti ọkọ rẹ lórí okùn."

Fífọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń bá ilé wàrà ìlú náà ṣiṣẹ́ láti ìgbà ogun. Gbogbo àgbá tí wọ́n fi ń gbé wàrà jáde, àti ẹnu ẹ̀rọ ara wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń padà sí fún fífọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́nu oúnjẹ pé ní gbogbo ọdún yẹn, wàrà kò tíì kan nítorí òun rí. Kò ní ohun mìíràn tí ó fi ń yangàn.

*

Ní ilé iṣẹ́, ọ̀gá mi ni Mísítà Bẹ́ńsìn, arúgbó tín-ín-rín kan tí kì í bọ́ fìlà. Mo rò pé yóò fún mi ní pẹ́ńsù lọ́jọ́ kìíní. Ife ló fún mi. Ó gbé bíà, wàrà, oyin àti ọbẹ̀ tòmátì kíki tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n máa dà wọ́n láti ife kan sí èkejì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ní, "Olúkúlùkù ló ní ìwà tirẹ̀. Bíà a máa bínú. Bí o bá fipá tì í, yóò hó dànù. Oyin kì í fẹ́ já. Ọbẹ̀ yìí á jókòó bí ọlẹ, tó bá wá dìde, gbogbo rẹ̀ á dà lé ọ láṣọ. Wàrà ní tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó bá sùn sí, yóò bà á jẹ́."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. N kò ní purọ́ fún yín. Mo mọ ìgbà tí ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ há, mo mọ bí rọ́bà ṣe ń wú nínú ọ̀rá, mo mọ agbára tí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ìka kan tì í.

Ní ọdún kejì, ilé wàrà ibi tí Mísíìsì Ẹ́dínà ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ń gbé wàrà lọ sí àwọn ilé ìwé nínú àgbá ńlá, àwọn olùkọ́ a sì máa dà á sí ife àwọn ọmọ. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ń ro. Mísítà Bẹ́ńsìn gbé iṣẹ́ náà fún mi, ó ní tèmi nìkan ni.

Mo rántí epo tí ń kán sílẹ̀ ní ìsọ̀ bàbá mi. Mo ṣe yàrá kékeré kan, tí kò tó hóró ẹ̀wà kan, sí ẹ̀yìn rọ́bà tí ń pa ẹnu ẹ̀rọ náà dé. Bí o bá ti tì í pa, rọ́bà náà á sún sẹ́yìn, á sì fa ẹ̀kán ìkẹyìn wọlé sínú yàrá yẹn. Ní ọjọ́ ìdánwò, Mísítà Bẹ́ńsìn tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ṣí i, ó pa á, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ogún. Bébà náà kò tutù. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Bí o bá ń bá a lọ báyìí, a ó tún mú ẹlòmíràn wá láti ìlú yín."

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé. Mo gbọ́ pé wọ́n ka ìwé náà ní ìsọ̀ bàbá mi títí ó fi ya.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí Mísíìsì Ẹ́dínà fi sọ fún mi lẹ́nu oúnjẹ pé, "Lámì, ẹnu ẹ̀rọ rẹ yẹn dára, ṣùgbọ́n n kò rí inú rẹ̀ dé ìparí. Ṣé kò sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì mi kò dé níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá dé, omi gbígbóná á dé ibẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ó sì bu ọ̀dùnkún kún oúnjẹ mi.

*

Ẹ̀ẹ̀rùn wọn dé, ooru sì mú lọ́dún náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé kan mu wàrà tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn mélòó kan sùn sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú, kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìròyìn náà dé ilé iṣẹ́ wa, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ẹ̀rọ tí ilé wàrà kó padà wá fún wa, mo fi ayùn là á sí méjì. Inú rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn rọ́bà, wàrà ti dì síbẹ̀, ó pọ́n bí ọyún, òórùn rẹ̀ sì gba imú mi. Ẹ̀kán ìkẹyìn tí mo fà wọlé lójoojúmọ́, kò rí ọ̀nà jáde. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ibẹ̀. Omi gbígbóná kò dé ibẹ̀. Bí a bá fún áńgẹ́lì ní ẹ̀rọ náà kó fọ̀ ọ́, kò lè mọ́.

Mo di abala méjèèjì sínú àkísà, mo kì í bọ àpò.

Kò pẹ́ tí wọ́n pè mí wọ yàrá Mísítà Bẹ́ńsìn. Ọ̀gá ilé wàrà jókòó níbẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mísítà Bẹ́ńsìn na àwòrán mi sórí tábìlì. Ó bi mí ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Lámì, ṣé ibì kankan wà nínú èyí tí omi fífọ̀ kò lè dé?"

Mo rí bàbá mi níwájú ìsọ̀ lójú ọkàn mi. Mo rí ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́ mú wá láti ilẹ̀ wa, tí ọ̀nà rẹ̀ máa dí nítorí mi. Gbogbo àwíjàre wọ̀nyí ni mo kó jọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àkísà náà wúwo ní àpò mi.

Mo ní, "Rárá, sà. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa, omi dé ibi gbogbo."

Ọ̀gá ilé wàrà mú fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Ó dára. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

*

Nígbà tí mo délé, Mísíìsì Ẹ́dínà jókòó nílé ìdáná, kò bọ́ fìlà, kò bọ́ kóòtù. Kò dáná.

Ó ní, "Wọ́n ní kí n má wá mọ́. Wọ́n ní n kò fọ̀ wọ́n dáadáa."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìwọ tí o ṣe é, Lámì, sọ fún mi. Ṣé ó ṣeé ṣe kí n ti gbójú fo nǹkan?"

Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ìgbà tó yẹ nìyẹn. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí. Ó ń béèrè nítorí pé ó fẹ́ mọ̀. Mo ní, "Bóyá ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà, Màmá."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Bóyá."

Ó wá dìde, ó din ẹyin fún mi. Mo jẹ ẹ́.

*

Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ó rí iṣẹ́ sí ibi kan tí ó ti ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Kò sọ̀rọ̀ ilé wàrà mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó bí ó ṣe ń fọ ife tíì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ń gbé e sókè sí fèrèsé, tí ó tún ń dá a padà sínú omi. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ dì í mú wò. Ó béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan bóyá òun ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ó ti fi sí i.

Ní ilé iṣẹ́, mo ya àwòrán tuntun. Èyí ṣeé tú sí méjì, ìka sì lè wọ gbogbo inú rẹ̀. Mo sọ fún Mísítà Bẹ́ńsìn pé kí fífọ̀ lè rọrùn fún àwọn obìnrin náà ni. Ó yìn mí pé mo ní àánú. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ rí lára ògiri ìsọ̀ mi, nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi fún mi. Mo ń tan ara mi pé mo ti fi ṣe àtúnṣe.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ó sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ti di búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹyin bíbọ̀ fún mi nínú bébà. Ó ní kí n kí ìyá mi. Ó ní òun kò rò pé ilé òun tún lè ní ariwo ènìyàn mọ́, kí n tó dé.

Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ máa tó lọ."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ lọ. A dúró síbẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú yẹn. Ó ń tún kọ́là kóòtù mi ṣe.

*

Ẹ mọ bí ẹ ṣe gbà mí. Ìyá mi gúnyán, ata ọbẹ̀ náà sì mú omi jáde lójú mi, gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín pé mo ti di òyìnbó. Ẹ ń pè mí ní Injiníà. Mo tún ìsọ̀ bàbá mi ṣe, mo ń rọ ẹnu ẹ̀rọ fún àgbá epo. Àwọn elépo ń ti Ìdásẹn wá, wọ́n ń ti Àfò pàápàá wá.

Ìyá Rábì láti Ìyèrè ló wá bá mi lọ́jọ́ ọjà kan, ẹnu ẹ̀rọ tí mo ṣe fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Làmídì, èyí ń jò."

Ohun tí ó wá sí mi lẹ́nu ni pé, "Ṣé ẹ tì í pa dáadáa?" Mo ti la ẹnu. Mo gbé e mì. Mo gba ẹ̀rọ náà, mo tú u, mo rí i pé awọ inú rẹ̀ kò dé etí ihò.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo gé awọ rẹ̀ kéré."

Ó ní, "Ó tán náà nìyẹn. Gé òmíràn sí i." Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì ń ròyìn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún mi títí mo fi ṣe é tán.

Lẹ́yìn tí ó lọ, n kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí mo sá fún láàárín odidi ọdún kan nínú ilé Mísíìsì Ẹ́dínà kò ju ìwọ̀n èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí lọ.

Mo kọ ìwé méjì. Ọ̀kan lọ sí ilé iṣẹ́, mo ṣàlàyé ohun tí mo rí nígbà tí mo la ẹ̀rọ náà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún ilé wàrà pé obìnrin náà kò jẹ̀bi. Wọ́n fèsì pé Mísítà Bẹ́ńsìn ti fẹ̀yìn tì, wọn kò ṣe irú ẹnu ẹ̀rọ yẹn mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí lójú tiwọn.

Ìwé kejì, Mísíìsì Ẹ́dínà ni mo kọ ọ́ sí. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ojú ìwé kan ni, mo sì ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ lédè wa nìyí:

"Lámì, ìwé rẹ dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi ni mo ti ń wá ohun tí mo ṣe tí n kò rántí. Mo lọ rí dókítà nítorí rẹ̀, mo rò pé iyè mi ti ń ra bíi ti ìyá mi. Mo ti wá mọ̀ báyìí. Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Bí o bá ti sọ ọ́ fún mi nílé ìdáná lọ́jọ́ náà, ǹ bá bínú gidigidi, ǹ bá sì tún se oúnjẹ fún ọ. N kò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má kọ̀wé sí mi mọ́."

N kò kọ̀wé sí i mọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí.